Àtẹ̀jíṣẹ́ Láìní Ohùn: Fóònù Alágbèéká àti Kíkọ Èdè Yorùbá ní Ìlú Abidjan

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ipa tí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù alágbèéká ní lórí bí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní ìlú Abidjan ṣe ń kọ èdè wọn sí ara wọn. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìkánjú àti àìbìkítà àwọn ọ̀dọ́ ni ó lé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ìdí rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ lẹ́tà tí a ṣe fún ẹ̀rọ náà ní Yúróòpù ni ó sọ àwọn àmì Yorùbá kan di ohun tí ó rọrùn láti rà, tí ó sì sọ àwọn mìíràn di ọ̀wọ́n. Iṣẹ́ náà yẹ ọ̀nà tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé ń gbà dá ohun tí ó sọnù padà wò, ó sì ṣe àfiwé rẹ̀ pẹ̀lú àkọtọ́ àwọn èdè Côte d'Ivoire kan tí ó ti bá irú ìṣòro yìí pàdé kí fóònù alágbèéká tó dé.

1.0 Ìfáárà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1992, Neil Papworth fi kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀ ìkíni Kérésìmesì ránṣẹ́ sí fóònù alágbèéká kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1996 ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká gbòde ní Côte d'Ivoire: Ivoiris, Telecel àti Comstar. Ivoiris di Orange ní ọdún 2002, Telecel sì di MTN ní ọdún 2005. Ní àkókò yìí, tábìlì onífóònù tí àwọn ará Abidjan ń pè ní cabine pọ̀ ní ẹ̀bá títì, níbi tí ẹni tí kò ní fóònù ti lè san owó ìpè díẹ̀. Àmọ́ owó ìpè kì í pẹ́ tán. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kúkúrú láti sọ a máa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe wọ inú ìgbé ayé ojoojúmọ́ tó hàn gbangba lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2010, nígbà tí àwọn aláṣẹ dá a dúró ní orílẹ̀-èdè náà nínú wàhálà tí ó tẹ̀lé ìdìbò náà. Ohun tí kò lágbára kì í ba aláṣẹ lẹ́rù.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. David Crystal kọ odidi ìwé lé e lórí ní ọdún 2008, ó sì jiyàn pé àtẹ̀jíṣẹ́ kò ba èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo. Rotimi Taiwo ṣe iṣẹ́ lórí àtẹ̀jíṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2011, Kristin Vold Lexander fi iṣẹ́ tí ó ṣe ní Dakar hàn pé èdè Wolof àti èdè Pulaar ní àyè tiwọn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Faransé. Ohun tí ó ku kí a gbé yẹ̀ wò ni ti èdè olóhùn tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ilé ìwé. Irú rẹ̀ ni Yorùbá ní Abidjan.

Àwọn àpẹẹrẹ tí ó ní nọ́ńbà nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ àfọwọ́dá tí ó wà fún àlàyé nìkan. Wọn kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

2.0 Àwọn Yorùbá ní Abidjan àti ọ̀nà ìránṣẹ́ wọn

Anango ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Côte d'Ivoire, orúkọ tí kò jìnnà sí Nàgó tí wọ́n ń pè wọ́n ní ilẹ̀ Benin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí àwọn òbí wọn wá láti Ẹjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní àyíká ibẹ̀. Òwò ni ó gbé wọn dé Treichville, Adjamé àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Abidjan. Àwọn kan gba Gánà kọjá. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò, àwọn mìíràn nínú wọn forí lé Côte d'Ivoire dípò kí wọ́n padà sílé. Àjọṣe Ẹjìgbò àti Abidjan le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ akérò fi ń ti Ẹjìgbò lọ sí Abidjan, tí a sì ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Ẹjìgbò.

Ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan a máa gbọ́ Yorùbá nílé, Dioula lọ́jà, àti Faransé nílé ìwé. Èdè Faransé nìkan ni ó kọ́ bí a ṣe ń kọ. Ó lè sọ Yorùbá dénú kí ó má sì tíì fi ìgbà kan kọ ọ́ sílẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kò rọ́pò àkọsílẹ̀ Yorùbá kan tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ kíkọ Yorùbá.

Kí fóònù tó dé, ìránṣẹ́ láàrin ilé àti ẹ̀yìn odi kò ṣàì ní ohùn nínú. Lẹ́tà tí a fi rán awakọ̀ tàbí arìnrìn-àjò, akọ̀wé ni ó sábà máa ń kọ ọ́, ẹlòmíràn a sì kà á sókè fún ẹni tí ó ni ín. Kásẹ́ẹ̀tì tí a gba ọ̀rọ̀ sí gbé ohùn ẹni náà fúnra rẹ̀ dé ilé. Àrokò àtijọ́ pàápàá gbára lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún létí: ẹyọ owó mẹ́fà, ìyẹn ẹ̀fà, tọ́ka sí fífà, pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó rán an sí, ẹyọ owó mẹ́jọ, ìyẹn ẹ̀jọ, tọ́ka sí jíjọ, pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ èdè Faransé lórí fóònù ń dá nígbà tí wọ́n bá kọ 2m1 dípò demain: iye ni wọ́n kọ, ìró rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí a gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù Kẹjọ ọdún 2001, tí ẹ̀rọ GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó di ohun tí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ti Adjamé dé Ẹjìgbò ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá dé ọwọ́ olùgbà láìsí akàwé láàrin, láìsí aṣojú, tí kò sì sí ohùn kankan tí ó bá a wá.

3.0 Ohun tí ẹ̀rọ gbà àti ohun tí ó kọ̀

Báìtì 140 ni àyè tí ẹ̀rọ GSM fi sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ní ọdún 1985, Friedhelm Hillebrand, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀, ṣe ìṣirò pé lẹ́tà àti àmì 160 tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ sọ. Kí 160 lè gba inú báìtì 140, a ní láti lo àtẹ lẹ́tà kékeré kan tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní iye. Èdè Yúróòpù ni àwọn tí wọ́n ṣe é ní lọ́kàn.

Bí a bá fi ojú Yorùbá wo àtẹ náà, ohun tí ó wà níbẹ̀ yani lẹ́nu. Àwọn fáwẹ̀lì márààrún tí ó ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀: à, è, ì, ò, ù. Èdè Ítálì àti èdè Faransé ni ó bá wọn wọlé. Nínú àwọn tí ó ní àmì ohùn òkè, é nìkan ni ó wà. Kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ohùn ìsàlẹ̀ rí ìjókòó, ohùn òkè kò rí, lẹ́tà tí ó ní àmì abẹ́ kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá tẹ ẹyọ ẹ kan ṣoṣo sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde kúrò nínú àtẹ kékeré yìí. Ẹ̀rọ a gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú àtẹ ńlá, níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba báìtì méjì. Àyè 160 di 70. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ a gé e sí ọ̀nà, ìpín kọ̀ọ̀kan a sì gba 67 péré, nítorí pé díẹ̀ nínú àyè náà lọ fún ìtọ́kasí tí ó ń so àwọn ìpín pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó kún àyè 160 gẹ́lẹ́, tí owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì tó fún, a di mẹ́ta nítorí àmì abẹ́ lẹ́tà kan.

Kò tán síbẹ̀. Nínú àtẹ ńlá náà, ẹ àti ọ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ kọ, a ó sì wá fi àmì ohùn lé e. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀wọ̀", tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà mẹ́ta, ń gba àyè márùn-ún. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà náà kò sì mọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí rárá. Àpótí òfo ni wọ́n ń gbé jáde dípò wọn.

Nítorí náà, ẹni tí ó kọ "Onibara ko oja" kò fi dandan jẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ ti fi owó lé orí lẹ́tà, ó sì ra èyí tí agbára rẹ̀ ká.

4.0 Bí òǹkàwé ṣe ń dá ohun tí ó sọnù padà

4.1 Ìlù àti àtẹ̀jíṣẹ́

Yorùbá ti ní ẹ̀rọ ìránṣẹ́ kan tipẹ́ tí ó ń gbé apá kan èdè kalẹ̀ tí ó sì ń fi apá kejì sílẹ̀. Dùndún ń gbé ohùn jáde láìsí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbé fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì jáde láìsí ohùn. Ohun tí ọ̀kan ní ni èkejì kò ní.

Onílù mọ̀ pé ohùn nìkan kò tó láti dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, nítorí náà kì í lu ẹyọ ọ̀rọ̀. Oríkì, òwe àti gbólóhùn tí etí ti mọ̀ ni ó ń lù. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń ṣe dáadáa níbi tí ó bá ti tẹ̀lé ọgbọ́n yìí. "E ku ise", "E ku odun", "Olorun a so yin": kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣi ìwọ̀nyí kà, nítorí pé odidi gbólóhùn ni ó ń rántí. Ìkíni àti àdúrà kò pàdánù ohunkóhun nígbà tí àmì bọ́ kúrò lára wọn.

Òpin ọgbọ́n yìí ni ìpè tí a kò fẹ́ kí a gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní fláàṣì ní Nàìjíríà, tí àwọn tí ń sọ Faransé sì ń pè ní biper. Jonathan Donner fi hàn ní ọdún 2007 pé ó ní òfin tirẹ̀: ta ni ó lè ṣe é sí ta, àti kí ni ó túmọ̀ sí. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, olùgbà sì ti mọ̀ pé ẹrù ti dé. Kò sí lẹ́tà, kò sí ohùn. Àdéhùn nìkan ni ó ṣẹ́kù, bí ó ti rí nínú àrokò.

4.2 Ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni ó ń jìyà jùlọ nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ohùn nìkan ni ó ya "o" ẹni kejì sọ́tọ̀ kúrò lára "ó" ẹni kẹta. Wo àpẹẹrẹ yìí:

(1) O ti san owo naa.
   a. Ó ti san owó náà.
   b. O ti san owó náà.

Bí ọmọ bá kọ (1) sí ìyá rẹ̀, kò sí ìṣòro. Ọmọ kì í sọ "o" sí ìyá rẹ̀. "Ẹ" ni yóò sọ. Nítorí náà (a) nìkan ni ó ṣeé kà. Bákan náà, "e" tí ó ti pàdánù àmì abẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kò ní arọ́pò-orúkọ mìíràn tí ó lè bá du ipò olùwà, nítorí náà ọ̀wọ̀ kò sọnù pẹ̀lú àmì náà.

Bí ìyá bá kọ ọ́ sí ọmọ ńkọ́? Ìyá lè sọ "o" sí ọmọ. Àwọn ìtumọ̀ méjèèjì dúró: ọmọ ni ó san owó, tàbí ẹlòmíràn. Bí a bá sì gbé àmì ìbéèrè tì, kò tún yé ọmọ bóyá wọ́n ń sọ fún òun ni tàbí wọ́n ń bi òun léèrè.

Ìlànà tí ó jáde ni pé ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ sókè, láti ọ̀dọ̀ ọmọdé sí àgbà, ń yéni ju ọ̀rọ̀ tí ó ń bọ̀ wá sílẹ̀ lọ. Ètò ọ̀wọ̀ nínú èdè ń ṣe iṣẹ́ tí àmì ohùn kò rí àyè ṣe. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti ń kọ sí ẹgbẹ́, kò sí ìrànlọ́wọ́ náà.

4.3 Ibi tí ìmọ̀ àjọní kò tó

Ìkíni kì í náni lówó bí a bá ṣì í kà. Ọ̀rọ̀ ọjà kò rí bẹ́ẹ̀.

(2) Onibara ko oja naa.
   a. Oníbàárà kó ọjà náà.
   b. Oníbàárà kọ ọjà náà.

Nínú (a), ọjà ti lọ, owó ń bọ̀. Nínú (b), oníbàárà ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú (b) ni kọ̀, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Òun ni ó fi jọ kọ tí ó túmọ̀ sí kíkọ sílẹ̀, tí ó sì lè fún wa ní ìtumọ̀ kẹta: pé oníbàárà kọ orúkọ ọjà sínú ìwé. Àkọtọ́ pípé ya (a) sọ́tọ̀, ó sì fi (b) àti ìtumọ̀ kẹta sílẹ̀ fún òye òǹkàwé. Àtẹ̀jíṣẹ́ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá tí ó wà ní Ẹjìgbò, tí ó ń dúró de ìròyìn láti Abidjan, kò ní ìmọ̀ àjọní tí yóò fi yan ọ̀kan, nítorí pé ohun tí kò mọ̀ gan-an ni wọ́n kọ̀wé láti sọ fún un.

Èyí ni ààlà náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ń ṣiṣẹ́ níbi tí òǹkàwé bá ti mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ tuntun, ibẹ̀ ni ó ti ń kùnà.

Ó yẹ kí a fi kún un pé àtẹ̀jíṣẹ́ mú ìrọ̀rùn wá ní ibì kan. Nínú èdè Dioula, owó franc márùn-ún, tí a ń pè ní dɔrɔmɛ, ni a fi ń ka owó. Nítorí náà kɛmɛ, tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò lásán, jẹ́ 500 franc nínú ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí ó ń gbé láàrin Yorùbá, Dioula àti Faransé lè ṣìnà bí ó bá ń fetí gbọ́ iye owó. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ 500, kò sí èdè tí ó ṣì í kà.

5.0 Ọgbọ́n tí a yá lọ́wọ́ Faransé

Ọmọ Abidjan tí ó ń kọ Yorùbá láìkọ́ àkọtọ́ rẹ̀ kò ṣàì ní àkọtọ́. Ti Faransé ni ó ń lò. Lọ́nà yìí, u di ou, ṣ di ch, j di dj, e di é, ẹ sì di è:

(3) a. iṣẹ́ ajé: ichè adjé
   b. Olú: Olou
   c. Ẹ ṣeun: È chéoun

Kì í ṣe fóònù ni ó dá a sílẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà nínú orúkọ tí a kọ sínú ìwé ìbí ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso, níbi tí Àjàyí ti di Adjayi. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó gbé e kúrò lára orúkọ wá sínú odidi gbólóhùn. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré: é àti è wà nínú àtẹ kékeré, nítorí náà ìyàtọ̀ láàrin e àti ẹ, èyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kọ ní ìlànà Nàìjíríà pàdánù, padà wá láìsí àfikún owó. Ìyàtọ̀ láàrin s àti ṣ náà padà. Àmọ́ Faransé kò ní àmì tí yóò fi ya o sọ́tọ̀ kúrò lára ọ nínú àtẹ kékeré náà, nítorí pé ô kò sí níbẹ̀. Ìṣòro tí ó wà nínú (2) dúró bí ó ṣe wà.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ré ẹnubodè kọjá. Àmì kan náà ní iṣẹ́ méjì. Fún ẹni tí ó kàwé ní Abidjan, è jẹ́ irú fáwẹ̀lì. Fún ẹni tí ó kàwé ní Ẹjìgbò, ó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. "Acho ti gbè" láti Abidjan túmọ̀ sí pé aṣọ ti gbẹ. Ará Ẹjìgbò tí ó bá rí gbè lè ronú nípa gbígbè sẹ́yìn ẹni. Bí ará Ẹjìgbò náà bá sì fara balẹ̀ kọ "èrè" pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, láti bèèrè ohun tí ọjà mú wọlé, ọmọ Abidjan lè kà á bí ẹrẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà òjò.

Ẹ̀ka kẹta tún wà. Alífábẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí ní ọdún 1975 fún àwọn èdè rẹ̀ lo ɛ, ɔ, sh àti kp níbi tí àkọtọ́ tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Lẹ́tà ɛ àti ɔ kò sí nínú àtẹ kékeré náà. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àkọtọ́ méjèèjì tí ìjọba fọwọ́ sí tí ó lè gba inú àtẹ̀jíṣẹ́ 160 kọjá láìfara gbọgbẹ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí, ti Faransé, ni ó fara gbọgbẹ́ díẹ̀ jùlọ.

6.0 Ẹ̀kọ́ láti inú àkọtọ́ Côte d'Ivoire

Ìlú Abidjan tí ìṣòro yìí ti ń bá Yorùbá fínra ni ilé Institut de Linguistique Appliquée, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí àkọtọ́ àwọn èdè Côte d'Ivoire láti àwọn ọdún 1960. Àwọn èdè bíi Dan àti Toura jẹ́ èdè olóhùn, ohùn inú wọn sì pọ̀ ju ti Yorùbá lọ. Nígbà tí a fẹ́ kọ wọ́n sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ ni ìdíwọ́: bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní àwọn àmì tí a nílò. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà kò fi ohùn sílẹ̀. Wọ́n wo àwọn àmì tí ó ti wà lórí ẹ̀rọ, bíi ' àti " àti - àti =, wọ́n sì fi wọ́n síwájú ọ̀rọ̀ láti tọ́ka sí ohùn rẹ̀. Margrit Bolli ṣe àlàyé ìlànà yìí ní ọdún 1978.

Gbogbo àmì mẹ́rin yìí ni ó wà nínú àtẹ kékeré ti GSM. Àkọtọ́ tí a ṣe nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gba inú àtẹ̀jíṣẹ́ kọjá pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ní pípé, nígbà tí àkọtọ́ Yorùbá, tí ó ti pẹ́ jù ú lọ nínú ìwé títẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí Yorùbá kó àkọtọ́ Dan wọlé. Ọ̀rọ̀ Dan kúrú, àmì kan níwájú ọ̀rọ̀ sì lè tó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá sábà máa ń ní sílébù méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sílébù kọ̀ọ̀kan a sì ní ohùn tirẹ̀. Ìlànà náà kò sì ní ohun tí yóò ṣe sí o àti ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ lò ó níbi tí ó bá ti ṣe pàtàkì nìkan, ó lè yanjú àpẹẹrẹ (1):

(4) a. 'O ti san owo naa. (ó, ẹni kẹta)
   b. O ti san owo naa. (o, ẹni kejì)

Àyè kan ṣoṣo ni ó gbà, kò sì sọ 160 di 70. Ohun tí ó ṣe aláìní ni àdéhùn. Fláàṣì rí àdéhùn, 2m1 rí àdéhùn, ẹyọ owó mẹ́fà rí àdéhùn. Ohùn Yorùbá nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kò rí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jókòó láti dá a lábàá ní àkókò tí ó yẹ.

7.0 Nígbà tí ìdí ti kú tí àṣà ṣì wà

Ẹ̀rọ tí a ti ń sọ yìí kọ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ní Abidjan lónìí. WhatsApp àti irú rẹ̀ kò ka àyè 160. Wọ́n gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn láìgba owó kún un. Bọ́tìnnì Yorùbá wà lórí fóònù fún ẹni tí ó bá fẹ́. Síbẹ̀ "Onibara ko oja" kò kúrò nílẹ̀. Ohun tí ọ̀wọ́n owó bẹ̀rẹ̀ ti di bí a ṣe ń kọ Yorùbá lójú ẹni tí kò rí irú mìíràn rí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, WhatsApp fi ọ̀rọ̀ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà dé, ohùn sì padà pẹ̀lú rẹ̀: kó àti kọ yàtọ̀ sí ara wọn, ó àti o yàtọ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé olùgbà, èrè ni. Fún kíkọ Yorùbá, ó lè jẹ́ àdánù. Bí Yorùbá bá di ohun tí a ń sọ sínú fóònù nìkan, tí Faransé sì jẹ́ ohun tí a ń tẹ̀, ọmọ Abidjan yóò pàdánù ibi kan ṣoṣo tí ó ti ń kọ èdè ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ń ti ọ̀nà náà síwájú. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2008, tí Orange Money bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó ń sọ fún ènìyàn pé owó ti wọlé tàbí pé ó ti jáde, Faransé ni ó sì fi ń sọ ọ́. Lójú oníṣòwò, ọ̀rọ̀ tí a lè fi jẹ́rìí ni ọ̀rọ̀ Faransé. Àpẹẹrẹ (2) sì ti fi hàn pé Yorùbá tí kò ní àmì kò lè dá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jẹ́.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí fi ẹ̀bi sí ibi tí ó yẹ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ba Yorùbá jẹ́ ní Abidjan, ó mú kí àwọn tí kò kọ ọ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó fún wọn ní èdè tí a ti yọ ohùn kúrò nínú rẹ̀, nítorí àtẹ lẹ́tà kan tí kò mọ̀ pé Yorùbá wà. Àwọn òǹkàwé fi ìkíni tí wọ́n ti mọ̀, ètò ọ̀wọ̀ àti ọgbọ́n Faransé dí àlàfo náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ tuntun, tí owó sì wà nínú rẹ̀, àlàfo náà kò dí.

Ìdíwọ́ ẹ̀rọ ti kúrò báyìí, nítorí náà iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe ti onímọ̀ ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní Abidjan ní àkọtọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Ó ti ń kọ Yorùbá láti ìgbà tí ó ti ń tẹ fóònù. Ó ti mọ̀ pé e àti ẹ yàtọ̀, ó kàn ń fi è kọ ọ́ ni. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí a fi hàn án pé è tirẹ̀ ni ẹ, kí a fún un ní ọ tí Faransé kò lè fún un, kí a sì wá fi ohùn lé e. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ pẹ́ jù. Bí ọmọ náà bá fi fóònù sẹ́nu tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, kò ní sí àkọsílẹ̀ kankan tí a ó máa tún ṣe.